Apá Ọ̀tún Bilqees

Irọ́ tí èèyàn bá gbé mì, inú ni yóò máa gbé, kò ní í dà. Ti Ìyá Abdulraheem ti pẹ́ nínú rẹ̀, ó ń jẹun lé e lórí, ó ń kírun lé e lórí, àfi bí ìgbà tí kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ tí yóò pọ̀ ọ́ jáde kúkú pé, lọ́sàn-án Àlàmísì kan ní Makera, nílẹ̀ Hausa.

Bilqees, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló bí Moyinọlá, inú rírun sì ni wàhálà ọmọ náà. Bó bá ti mu ọmú tán, á ká ẹsẹ̀ mọ́ ikùn, á máa ké títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Nọ́ọ̀sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Kò sí àìsàn. Ẹ gbé e lé èjìká kó gùfẹ̀, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Tó bá fẹ́ sùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀, lórí ibùsùn tó tẹ́jú, láìsí ìrọ̀rí, láìsí oògùn kankan. Tó bá yá, ẹkún náà á dá." Bilqees gbọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbé ọmọ kalẹ̀. Orí àga ló ń jókòó sí tọ̀sán tòru, apá òsì ló fi ń gbé ọmọ. Apá ọ̀tún rẹ̀ kì í kan án. Bí ọkọ rẹ̀ bá ní kó sùn díẹ̀, á ní, "Mo ti sùn nígbà kan rí."

Gbogbo ilé mọ ohun tó ń wí. Ahmed, àkọ́bí rẹ̀, kò pé ogójì ọjọ́ tó fi kú, wọ́n sì ní ìyá rẹ̀ ló sùn lé e. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Àwọn obìnrin àdúgbò kàn dẹ́kun láti máa gbé ọmọ wọn fún un ni.

Ìyá ọkọ ló yẹ kó máa wẹ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ ìkómọ ni Ìyá Abdulraheem ti ń sọ pé ọwọ́ ń dun òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Abdulraheem wà níbi iṣẹ́ ní Kudenda, ìyá rẹ̀ sì yọjú sí yàrá. Ó bá Bilqees tó ti sùn lọ lórí àga, ọmọ ti yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, imú rẹ̀ ti wọ inú tìmùtìmù. Ó sáré fa ọmọ yọ. Moyinọlá figbe ta, Bilqees ta jí.

"Màámi, ṣé mo tún ti pa á?"

Ìbéèrè yìí ni ìyá àgbà kò lè fara dà. Ó gbé ọmọ fún un, ó sì kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ dìde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí ọkọ mi."

"Jẹ́ n kúnlẹ̀. Ìwọ kọ́ lo pa Ahmed. O rántí bó ṣe ń ké? Èmi tí àwọn Hausa àdúgbò ń gbé ọmọ tó ń ké wá bá, tí wọ́n ń ní, 'Iya, ki taimaka,' pé kí n ran àwọn lọ́wọ́, ọmọ ọmọ tèmi wá ń dójú tì mí. Ìtìjú ni, Bilqees, kì í ṣe ìkà. Àbí ta ni mo ń tàn? Ìkà náà ni. Oògùn ikọ́ mi, èyí tó ń kun èmi àgbà lóorun, mo bù ú sínú ṣíbí, mo fún un mu. Ó dákẹ́, inú mi dùn. Mo fi àyà rẹ̀ délẹ̀ lórí ìrọ̀rí bí wọ́n ṣe ń tẹ́ wa láyé àtijọ́, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbi tó o sùn sí, mo lọ kírun Alásárì. Nígbà tí mo padà dé, ó ti tutù. Èyí tó burú jù ló kù. Mi ò ké. Mo kọ́kọ́ fọ ṣíbí. Mo yọ ìrọ̀rí. Ara rẹ kò kàn án, ẹ̀yìn lo kọ sí i, àárẹ̀ ti pa ọ́. Mo rọra yí ọ padà, mo gbé apá ọ̀tún rẹ, mo fi lé e lórí. Ìgbà yẹn ni mo tó pariwo pé o ti sùn lé ọmọ. Nígbà tó o jí, apá rẹ lo kọ́kọ́ wò. Dárí jì mí."

Bilqees na apá ọ̀tún rẹ̀ síwájú. Ó ń wo apá náà.

"Ọkọ mi mọ̀?"

"Rárá."

"Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Ẹ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tó bá dé, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀."

Ìyá àgbà dìde. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí i tí Bilqees fi apá ọ̀tún gbé Moyinọlá lé èjìká, tó ń pa á lẹ́yìn títí ó fi gùfẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ lórí ẹní ọmọ fúnra rẹ̀, òun náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, oorun sì gbé e lọ.

Kò pẹ́ tí Fatima, aládùúgbò wọn, gbé ọmọ rẹ̀ tó ń ké dé. "Iya, ki taimaka."

"Fatima, má gbé e fún mi mọ́. Gbé e lé èjìká ara rẹ, kó o ní sùúrù. Ohun yòówù tí àgbà bá bù sínú ṣíbí láti fi pa á lẹ́nu mọ́, má gbà á, ìbáà jẹ́ èmi."

Fatima gbé ọmọ rẹ̀ lé èjìká. Ìyá àgbà gbọ́ ohùn Abdulraheem lẹ́nu géètì, ó sì lọ pàdé rẹ̀ kó tó wọlé.