Ẹṣin Tí Gbogbo Àdúgbò Fi Ń Yìn Mí

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí kì í ṣe ọmọdé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Ọ̀tà sì ni mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka irú ojú ìwé yìí tí àwọn ènìyàn ti ń jẹ́wọ́, mo sì máa ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn tí ń kọ ọ́. N óò ní, kí ló ṣe wọ́n tí wọn kò sọ ọ́ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́? Lónìí, ó kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dé òpin.

Ohun tí ó mú mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé ní Sátidé tí ń bọ̀ yìí, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ní Ilo-Awela fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní gbangba. Wọ́n ní kí n mú ẹṣin mi lọ́wọ́ wá. Ẹṣin náà ni wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ dúpẹ́. Arọ ni nígbà tí mo gbà á, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà láti òkèèrè, ṣùgbọ́n lónìí ó ń sáré. Nígbàkigbà tí wọ́n bá sì ń sọ ìtàn ẹṣin yìí, wọn kì í ṣàì mẹ́nu ba ọkùnrin kan tí wọ́n ní ó fẹ́ fi ẹṣin náà ṣe ògùn owó. Sàláú ni n óò máa pè é níhìn-ín. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn.

Sàláú kò jẹ̀bi. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́.

Ọmọ Ìlọrin ni. Alhaji kan tí ó ní ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ládùúgbò wa ló ni ẹṣin náà, kí ó lè máa gùn ún bọ̀ láti yídì nígbà Iléyá. Tí ọdún bá ti kọjá, Alhaji kì í bojú wo ẹṣin mọ́. Sàláú ni ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí kan tí àwọn onílé-iṣẹ́ ti pa tì. Òun àti Ṣìfáù ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé inú yàrá kan níbẹ̀.

N kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí ní ìdí rẹ̀, n kò ní èsì tí ó mọ́gbọ́n dání. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń ti ọ̀nà àwọn ilé-iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú àpò tí ó di lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé agbègbè wa mọ irú ìròyìn ògùn owó tí a máa ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Láti ojú fèrèsé òkè ni mo ti máa ń wò ó, bí mo ṣe máa ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo bá fura sí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ní ọjọ́ kan, ó wá bá mi pé kí n jẹ́ kí òun máa so ẹṣin náà sórí ilẹ̀ kan tí mo ní lẹ́yìn ilé, nítorí pé koríko ibẹ̀ tútù yọ̀yọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Pírínsípà, koríko yẹn ń ṣòfò ni o. Ẹṣin á bá yín ro ó lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní béèrè oúnjẹ ọ̀sán."

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní rárá. Ó ní, "Kò burú, Bàbá mi," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí mo rí ojú ẹsẹ̀ ẹṣin lórí ilẹ̀ náà. Ó ti tẹ ilá mi mọ́lẹ̀. Bóyá Sàláú ló mú un wá, bóyá ẹṣin náà ló já okùn, n kò béèrè. N kò pè é, n kò kìlọ̀ fún un. Mo mú àwọn pákó kan tí a tú kúrò lára òrùlé ilé bàbá mi àtijọ́. Àwọn ìṣó páànù ṣì wà lára wọn, àwọn ìṣó ayé àtijọ́ tí ara wọn lọ́ bí okùn. Mo kọjú ẹnu ìṣó sókè, mo tẹ́ àwọn pákó náà sí ojú ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wọlé, mo sì fi koríko bò wọ́n. Mo sọ fún ara mi pé nítorí àwọn olè ni. Lẹ́yìn náà, mo gbàgbé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, bóyá ẹ ó gbà pé mo gbàgbé lóòótọ́. Kò dá èmi fúnra mi lójú mọ́.

Ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Alhaji ti rìnrìn àjò lọ gba ìtọ́jú lókè òkun nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ń fi nǹkan ránṣẹ́ fún oúnjẹ ẹṣin. Ó rù hangogo. Egbò yọ ní ẹ̀yìn rẹ̀, eṣinṣin bò ó. Ní òwúrọ̀ kan tí mo ń na ẹsẹ̀ mi, mo yà síbẹ̀ láti wò ó dáadáa. Sàláú kò sí nílé. Mo rí i pé a fi aṣọ di ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú rẹ̀, àti pé pátákò ẹsẹ̀ náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ. Mo tún rí i pé wọ́n ti gé irun ìrù rẹ̀ kù pẹ́ńpẹ́. Lójú mi, gbogbo rẹ̀ ti yé mi: àpò tí a di lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀, ìrù tí a gé, àti ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn onílé. Èmi ni mo dìde. Ẹ mọ̀ pé tí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀, ó mọ bí a ti í to ẹ̀rí léra. Mo tò ó léra. Nígbà tí mo fi máa jókòó, Ìyá Ìbejì tí ó ń ta èlò ilé ti ń pariwo pé, "Ẹni tí ó bá ń fá ìrù ẹṣin lónìí, orí ọmọ ta ló máa fá lọ́la?" Àwọn ọ̀dọ́ kò dúró kí alága parí àdúrà ìparí.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n ń ju ẹrù Sàláú síta. Ẹnì kan gbá a létí. Sàláú wo ojú gbogbo wa, ó wá dojú kọ èmi nìkan.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi sọ fún wọn, làálì ni. Mo lé làálì sí i kí pátákò má baà jẹrà ni."

Mo ní, "Làálì? Ta ní í lé làálì fún ẹṣin?"

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ní, "Ẹṣin ń lọ ilé ọkọ ni! Ẹ jẹ́ ká kí ìyàwó tuntun!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló parí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ gbọ́ ohun kan láti ẹnu Sàláú mọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi àdúgbò sílẹ̀. Wọ́n pe Alhaji lórí fóònù, Alhaji sì ní òun kò fẹ́ rí i mọ́. Ó ní kí ẹni tí ó fura máa tọ́jú ẹṣin.

Bí ẹṣin ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo lọ mú un, mo rí àpò Sàláú nílẹ̀ yàrá, mo sì tú u. Èèrí àgbàdo ni, irú èyí tí wọ́n ń gbá kúrò níwájú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń lọ ọkà. Ó ń lọ tọrọ rẹ̀ kí ẹṣin lè rí nǹkan jẹ. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí ń ṣe ibi náà lè máa bọ́ ẹṣin. Ẹ rí irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Mo ránṣẹ́ pe dókítà ẹran kan láti Abẹ́òkúta, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ le. Ó ní kí n di okùn ẹṣin mú. "Bàbá, ẹ má dúró lẹ́yìn rẹ̀ o. Bí ó bá ta yín nípàá, n kò kọ́ṣẹ́ egungun ènìyàn." Ó tú aṣọ náà, ó fọ pátákò, ó sì béèrè ẹni tí ó lé làálì sí i. Mo ní ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní, "Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n nǹkan wà nínú ibí yìí tí làálì kò lè yọ." Ó fi ọ̀bẹ gé ìsàlẹ̀ pátákò náà, ọyún sì tú jáde. Lẹ́yìn ọyún, ó fi ẹ̀mú fa irin kan yọ, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Ìṣó ni. Ó ti kán. Ara rẹ̀ lọ́ bí okùn.

Ó bi mí pé, "Níbo ló ti tẹ èyí?" Mo ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó yí wa ká ni, pé wọ́n ń da irin sí ibi gbogbo. Ó wo ojú mi, ó tún wo ìṣó náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fura pé ó mọ̀. Bí ó ti lọ, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ká koríko kúrò. Lára pákó kan, orí ìṣó nìkan ló kù. Mo dáná sun gbogbo àwọn pákó náà. Ìyàwó mi béèrè ohun tí mo ń sun, mo ní ìdọ̀tí ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wá di aláàánú. Mo ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti iyọ̀ rẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ń fi oògùn sí egbò ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń lé eṣinṣin. Mo ní kí wọ́n máa gé koríko wá fún mi láti ọ̀nà Alapoti. Nígbà tí ó kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, mo po mílíìkì fún un, ìyàwó mi sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Bàbá Délé, ìwé wo lẹ ti kà á pé ẹṣin ń mu tíì? Ṣé kí n mú búrẹ́dì wá?" Ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohùn mi. Ó máa ń ṣí fìlà kúrò lórí mi. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ láìtiro, mo sunkún, àwọn ará àdúgbò sì rí omijé mi. Wọ́n ní ọkàn Bàbá Pírínsípà mọ́.

Alhaji dé, ó ní òun fi ẹṣin náà ta mí lọ́rẹ. Ní báyìí, orí ilẹ̀ mi ẹ̀yìn ilé ni ó ti ń jẹ koríko tí mo fi du Sàláú.

Ọ̀rọ̀ ìrù yẹn, n kò mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Bóyá èèmọ́ inú koríko ló lẹ̀ mọ́ ọn tí Sàláú fi gé e. Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kí ó jẹ́ pé Sàláú ṣe ohun kan tí kò dára, kí ẹ̀bi mi lè dín kù. N kò rí nǹkan kan.

Ṣìfáù kò tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ; òun àti àwọn ọmọ ṣì wà ní àdúgbò. Ó ń ta ọṣẹ àti kànrìnkàn ní ẹ̀gbẹ́ Ṣàngó Toll Gate. Mo gbọ́ pé wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ agérù-ẹṣin níléèwé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n sọ ti ìdúpẹ́ yìí fún mi, mo mú ọkàn le, mo lọ bá a. Mo ti to ohun tí n óò sọ léra. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí mi, ó kúnlẹ̀ láàárín èrò.

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí ẹṣin yẹn kú. Bí bàbá àwọn ọmọ bá pè, ẹṣin náà ló kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ bá wa bẹ àwọn onílé kí ó lè máa wá wo àwọn ọmọ rẹ̀. Bó jẹ́ alẹ́ nìkan náà, a fara mọ́ ọn."

Mo ní, "N óò rí sí i." Mo ra ọṣẹ, mo sì padà sílé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò wá bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ọkùnrin náà lè padà wọ ilé rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ni ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n kọ́kọ́ tọ Ṣìfáù lọ ní bòńkẹ́lẹ́, nítorí òun ni mo ṣẹ̀ jù lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń fura sí ọkàn náà. Obìnrin náà yóò dárí jì mí. Mo rí i lójú rẹ̀. Tí ó bá sì ti dárí jì mí ní kọ̀rọ̀, mo mọ ara mi, n óò gba ìdáríjì náà, n óò wọ agbádá mi, n óò sì lọ gba ọpẹ́ mi ní Sátidé.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá ń ṣe yín bí ẹni pé kí ẹ ṣàánú àgbàlagbà, ẹ dá a dúró ná. Ẹ má dárí jì mí títí n óò fi dìde láàárín àwọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, tí n óò sì sọ fún wọn pé làálì ni.