Èmi Ni Mo Pa Oníkẹ̀kẹ́ Rẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, ǹ bá sì gbé e wọ sàréè. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tí mo ṣẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n dárí ji òun. Mo sì dárí jì í. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun mi mọ́.

Mo kàwé. Eré àti àwàdà ni mo kọ́ ní yunifásítì, mo sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ń ṣe àwọn ènìyàn ńlá ní yẹ̀yẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn tó ń kà á ní ó jinlẹ̀. Ìyàwó mi náà ní ó jinlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín sí i rí.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Sàkírù, kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ. Àgbẹ̀ ni, ní Ṣakí níbí. Nígbà èwe rẹ̀, ó wa mọ́tò fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan, ẹnìkan níbẹ̀ sì da eré àtijọ́ kan sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́ta fún un. Eré apanilẹ́rìn-ín ni, dúdú àti funfun, láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n kò tíì mọ àwọ̀ mìíràn. Ọkùnrin kan ra kẹ̀kẹ́, kò mọ̀ ọ́n gùn, kò sì fẹ́ kí ará àdúgbò mọ̀. Ní gbogbo ìgbà ni yóò máa wá irọ́ tuntun tí yóò fi ti kẹ̀kẹ́ náà dé ibi iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, òun ni yóò sì máa bá a bo irọ́ náà. Eré ọ̀hún kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi á kún. Àwọn ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé wà nínú fóònù wọn á ki fóònù bọ àpò. Wọ́n mọ irọ́ tó ń bọ̀, wọ́n á ti sọ ọ́ kí ọkùnrin náà tó sọ ọ́, wọ́n á sì tún rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀gbọ́n mi á gbá ìyàwó rẹ̀ léjìká pẹ́pẹ́.

"Ìyá Sàkírù, wò ó, ó tún ti ń tì í!"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bí gbogbo wa ṣe ń bo ọkọ wa náà nìyẹn."

Èmi ti kọ ìwé ní yunifásítì pé irú àwàdà bẹ́ẹ̀ ti kú. Èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n tó fún mi ní máàkì nìkan ló kà á. Ti ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an kò dá mi lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú oníkẹ̀kẹ́ inú fídíò, ọkùnrin tó ṣeé ṣe kó ti kú. Mo kó àwọn ọ̀dọ́ kan jọ, a ya eré tèmi, aláwọ̀ mèremère, ọgbọ́n kún inú rẹ̀. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó fi han àwọn èrò rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Gbogbo ilé dákẹ́ bíi ti ilé ọ̀fọ̀. Nígbà tó yá, ìyá arúgbó kan ládùúgbò wa yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, ó dáa o. Ìgbà wo ni wọ́n máa wá bẹ̀rẹ̀ àwàdà ọ̀hún?"

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà nìyẹn. Wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé oníkẹ̀kẹ́ padà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi wà lóko lọ́nà Ìráwọ̀. Mo lọ yá ẹ̀rọ fídíò àti kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ Ìyá Sàkírù. Mo ní mo fẹ́ dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà sọnù. Bóyá ohun tí mo fẹ́ ṣe náà nìyẹn nígbà tí mo ń lọ. N kò mọ̀ mọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wo ti àkọ́kọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, èmi nìkan nínú yàrá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo sì gba òfìfo sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́jọ́ kejì, mo dá wọn padà sínú páálí wọn.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Ìyá Sàkírù ṣí páálí náà, ó rí i pé ara àwọn kásẹ́ẹ̀tì ti ń bu funfun. Ó ń sá gbodo lọ́wọ́, iṣu bíbọ̀ tí à ń sá kó gbẹ fún èlùbọ́, lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá ti ń bu, oòrùn là ń gbé e sí. Ó tẹ́ kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta náà sí ẹ̀gbẹ́ gbodo.

Nígbà tí èrò pé, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Kò sí funfun kankan níbẹ̀.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bèèrè.

"Èmi ni, Bàbá Sàkírù. Wọ́n ti ń bu. Mo sá wọn díẹ̀."

"O sá fídíò bí ẹni ń sá gbodo?"

"Tó bá ti gbẹ, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ lọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ!" ni ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. Ilé dàrú fún ẹ̀rín.

Wọ́n wá kọjú sí èmi tí mo kàwé. Mo ní kọ̀ǹpútà mi kò gbà wọ́n lọ́jọ́sí, àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo dá wọn padà; oòrùn ni. Mo ṣàlàyé bí ooru ṣe ń ba téèpù jẹ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i kó lè wúwo. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pe obìnrin náà ní Ìyá Asáfídíò.

Ẹ̀gbọ́n mi kò nà án, kò sì bú u. Ó kàn jẹ́ pé tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán báyìí, ojúde àwọn ẹlòmíràn ló ń lọ jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Sàkírù nìkan ló ń wà ní pálọ̀ yẹn. Kò sì sí ẹni tó bèèrè eré tèmi.

Àwọn ọmọ Ìyá Sàkírù ti wá sanwó fún un kó lọ sí Mẹ́kà. Ẹni tó bá ń lọ sí háájì níbí gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì káàkiri kó tó gbéra. Ọkọ ni mo jẹ́ fún un, nítorí ó bá mi nílé wa ni. Nítorí náà, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀.

"Akọ̀wé, ọkọ mi, ẹ forí jì mí. Oníkẹ̀kẹ́ tí mo bà jẹ́ yẹn, mo mọ̀ pé ó dun ẹ̀yin náà. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n yín, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò sọ pé àwọn ti forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín, Ìyá Sàkírù. Ẹ bá mi ṣàdúà tí ẹ bá dọ́hùn-ún."

"Ẹ̀yin gan-an ni màá kọ́kọ́ dárúkọ."

Ẹ jọ̀ọ́, òun náà ni mò ń jowú báyìí. Ó kúnlẹ̀ lórí ohun tí kò ṣe, ó sì dìde pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́. Èmi tí mo ṣe é jókòó sórí àga, mò ń gba ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Sàkírù ń gbéra. Tí n kò bá sọ̀rọ̀, yóò gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ tọrọ àforíjì ní ilẹ̀ mímọ́. Tí mo bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní lè má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọkàn yín mọ́ jù tèmi lọ, ẹ dá mi lóhùn kí Ọjọ́bọ̀ tó pé: ta ni kí n kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún, ẹ̀gbọ́n mi ni, àbí ìyàwó rẹ̀?