Iye Owó Kòkó Tí Kò Yí Padà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí àṣìṣe mi kó bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó bá lè jókòó kó jókòó o, torí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ dun àwọn àgbà.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ mí sí tíṣà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi wá sí Ore níbí. Ohun tí ẹ lè má mọ̀ ni pé èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní Ajue àti Omifunfun. Bàbá Akinrìnmádé, alága wọn, ló wá bá mi nílé ìwé lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò. Sọ́fúwíà kan wà tí ẹgbẹ́ ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, orí kọ̀ǹpútà mi nílé ló wà. Inú rẹ̀ ni mo ń kọ kòkó tí kálukú kó wá sí ilé ìpamọ́ sí. Òun kan náà ló máa ń lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láràárọ̀, tí á sì mú iye tí wọ́n ń ra kílò kòkó kan ní agbègbè wa wá. Bí mo bá ti rí i, màá pe Bàbá lórí fóònù, Bàbá á sì sọ fún àwọn yòókù.

Kí ẹgbẹ́ tó ní nǹkan yìí, ohun tí oníṣòwò bá sọ pé kòkó jẹ́ ni wọ́n máa ń gbà. Nígbà tó wá dé, ọ̀rọ̀ tèmi ni wọ́n ń gbà. Mo jẹ́wọ́ níwájú ìjọ pé ó ń dùn mọ́ mi pé bí mo bá ti ní "báyìí ni," báyìí náà ni ní Ajue.

Lóṣù tó kọjá, ẹ rántí òjò ńlá kan tó rọ̀ tòun ti àrá. Àrá yẹn ba rúta mi jẹ́, ìyẹn àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé. Mo ra òmíràn lọ́jọ́ kejì lẹ́bàá títì márosẹ̀. Mo tàn án, WhatsApp wọlé, mo ka ìròyìn, mo wo ìwàásù. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ rúta.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe Bàbá bí mo ṣe máa ń pè wọ́n. Mo ní, "Bàbá, iye àná náà ni o. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀." Bàbá ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji kan tó máa ń wá ra kòkó láti ìlú Oǹdó gbé lọ́rì rẹ̀ wọ Ajue. Ẹgbẹ́ mi ni lọ́jọ́ orí, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Iye tó dá wọn kéré gan-an sí èyí tí mo sọ. Ó ní kòkó ti já wálẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ti fi gbogbo ọdún roko, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sá kòkó, kí ẹnì kan wá dá irú iye bẹ́ẹ̀ fún un. Inú bí wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n ní àwọn máa fà á fún ọlọ́pàá.

Bàbá pè mí. Mo ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn wọn. Bàbá ní, "Ọmọ mi, Alhaji ní iye tó o sọ kì í ṣe òótọ́. Tún un wò fún wa." Mo gbọ́ ohùn Alhaji náà, tó ń sọ pé, "Ẹ ní kí wọ́n wo déètì tó wà lára rẹ̀."

Mo wò ó. Lábẹ́ iye owó náà, wọ́n kọ déètì sí i ní lẹ́tà wínníwínní, tí mi ò fìgbà kan kà rí. Déètì ọjọ́ tí àrá sán ló wà níbẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo ti ń pe Bàbá láràárọ̀, tí mo ń ka iye àtijọ́ fún wọn bí ẹni pé tuntun ni. Mo tẹ ibi tí èèyàn ń tẹ̀ kó lè lọ mú iye tuntun wá. Ó ń yí, ó ń yí, ó kọ ọ́ pé òun ò rí ọ̀nà dé ibi tí òun ń lọ. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, bákan náà ni. Bẹ́ẹ̀ WhatsApp ń wọlé dáadáa lórí fóònù mi, nínú ilé kan náà.

Mo sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fún mi ní wákàtí díẹ̀. Bàbá ní, "Ṣé o ò mọ iye tó jẹ́ ni?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́, sà."

Mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún un ṣe nítòsí garaji. Kò tíì wò ó dáadáa tó fi ní, "Sọ́fúwíà yìí ló bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun." Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ yẹn, ibẹ̀ nìkan ló wà. Mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi mọ́ àyà, mo jáde.

Ibí ni ẹsẹ̀ mi gbé mi wá. Àdúrà ọ̀sán Ọjọ́rú ń lọ lọ́wọ́. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn pátápátá, mo gbé kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ níwájú mi. Èmi tí mo máa ń gbàdúrà gígùn, ọ̀rọ̀ ò wá. Ohun tí mo sọ kò ju pé, "Olúwa, mo ti ń sọ ohun tí mi ò mọ̀ fún àwọn èèyàn rẹ. Rán ẹni tó mọ̀ sí mi."

Nígbà tí mo dìde, Màmá Fẹ̀yí ló dúró tì mí. Gbogbo wa la mọ Màmá, ìjókòó kejì lápá òsì ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n ń bá àwọn tó jókòó tì wọ́n sọ èdè Ìkálẹ̀, tí wọ́n á sì yí i padà sí Yorùbá gbogbogbò bí wọ́n bá ti rí èmi. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kí wọn. Mi ò mọ̀ pé iléeṣẹ́ tẹlifóònù ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mi ò bi wọ́n rí.

Màmá ní, "Kí ló dé tó o gbé kọ̀ǹpútà wá síwájú Olúwa?" Omijé bọ́ lójú mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Màmá ò pẹ̀ mí. Ìbéèrè ni wọ́n bi mí.

"Láti ìgbà wo ni kò ti yí padà?"

"Láti ọjọ́ òjò yẹn, mà."

"Kí lo pààrọ̀ nínú ilé lásìkò yẹn?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo tún rò ó. Mo ní, "Àfi rúta."

Màmá ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká lọ sílé rẹ."

Nígbà tá a dé ilé mi, Màmá fọwọ́, wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n ní kí n mú bébà àti bírò wá. Wọ́n ní, "Ohun kan la máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bá a bá yí méjì pọ̀, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀." Wọ́n wo aago kọ̀ǹpútà, ó péye. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wò ó bóyá sọ́fúwíà náà ṣì ní àṣẹ ọdún yìí, ó ní i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Màmá ń ṣe é bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.

Wọ́n wá ní, "Yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí rúta yẹn. Fi fóònù rẹ fún un ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó yá, tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó mí èémí kan, iye tuntun ti wọlé, pẹ̀lú déètì ọjọ́ yẹn gan-an. Kòkó ti já wálẹ̀ lóòótọ́. Iye tí Alhaji dá àwọn èèyàn wa tilẹ̀ ju ohun tí mo rí lọ díẹ̀.

Mo pe Ajue, kò wọlé. Mo tún pè, kò wọlé, ẹ mọ bí netiwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ṣe rí. Màmá ní, "Àwa fúnra wa ló máa lọ." Orúnkún ń dun Màmá, gbogbo ìjọ ló mọ̀. Wọ́n bá mi wọ mọ́tò.

Orí ìjókòó igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìpamọ́ la ti bá Alhaji, àwọn èèyàn dúró yí i ká. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn. Mo ní, "Alhaji ò parọ́. Èmi ni mo ti ń ka iye àtijọ́ fún yín láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n wò ó." Ọ̀dọ́ kan ní, "Tíṣà, ẹ fẹ́ kó bá wa."

Bàbá Akinrìnmádé na ọwọ́, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rì lọ́wọ́ ọ̀dọ́ náà. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ fún Alhaji, wọ́n sì ń lọ sílẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀ fún un. Alhaji fò dìde, ó gbá Bàbá mú. Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ó dùn mí, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n iye tí mo dá láàárọ̀ ni màá san."

Ẹ gbọ́ nǹkan yẹn dáadáa. Gbogbo wọn ti mọ̀ báyìí pé kòkó ò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó lè dín in kù, ẹnikẹ́ni ò sì ní lẹ́nu láti bá a wí. Kò dín in. Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi kó kòkó tán sínú lọ́rì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún já wálẹ̀ sí i.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé Màmá tún padà wá sílé mi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní a rí iye owó ni, a ò tíì rí ohun tó ṣe é. Wọ́n wọ inú ètò rúta náà láti orí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi hàn mí pé àwọn tó ṣe rúta náà fi ẹ̀ṣọ́ kan sínú rẹ̀, tó ń yẹ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde wò. Wọ́n ti gbé agbára rẹ̀ sókè pátápátá. Ó gba WhatsApp láyè, ó gba ìwàásù láyè, ó wá dí ọ̀nà tí sọ́fúwíà wa ń gbà. Mo ní kí Màmá kúkú pa ẹ̀ṣọ́ náà. Màmá ní, "Rárá o. A ò ní lé ọlọ́dẹ lọ. A kàn máa sọ fún un pé ẹni yìí, tiwa ni." Ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ṣí. Láti ọjọ́ náà, mo ń wo déètì kí n tó wo iye owó, mo sì ti ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ níbòmíràn.

Mo béèrè ohun tí màá fún Màmá. Wọ́n ní kí n wá sọ ọ́ nínú ìjọ, kí n má sì fi àṣìṣe mi pa mọ́. Mo ti sọ ọ́, mi ò fi pa mọ́.

Bàbá Akinrìnmádé àtàwọn mẹ́fà láti Ajue ló jókòó sẹ́yìn yẹn, tí wọ́n wá bá mi dúpẹ́. Màmá Fẹ̀yí, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa pè yín síta, ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ìjọ Ọlọ́run, ọwọ́ tí Olúwa lò nìyẹn. Ẹ bá mi yọ̀, kí ẹ sì bá mi gbé ògo fún Ẹni tó ni ọwọ́ náà.