Ẹ̀yìn Ojú-Ìwé Kọkànlá

Rárá, má jókòó síbẹ̀, àga Folúkẹ́ nìyẹn, ìyàwó mi kò tíì lo oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Fa àpótí yẹn mọ́ra. Búrẹ́dì tí o gbé wá, gbé e sílẹ̀, àwọn adìyẹ á jẹ ẹ́. O ní kí n wá síbi ìwúyè rẹ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí oyè, Ọlátúnjí, ìwé ìrìbọmi ìjọ tí o yá lọ́wọ́ mi, tí o wá gbé sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́rú tí o sì rìn lọ kíákíá bí ẹni tó sọ ẹrù olè sílẹ̀, níbo ni ojú-ìwé kọkànlá rẹ̀ wà?

Má wo òrùlé. Kò sí níbẹ̀.

O ní kòkòrò ló jẹ ẹ́? Kòkòrò wo ló ń lo abẹ? Mo fọwọ́ pa ibẹ̀, ó gún régé. Láti ayé àwọn bàbá wa ni ikán àti eku àti òjò ìlú Ìlórò wa yìí ti ń bá ìwé yẹn jà, èèpo ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n rí jẹ. Nígbà tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ń jò, tí ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ń jiyàn lórí ẹni tó máa pe káfíńtà, Folúkẹ́ ló gbé e lórí wálé, ló sá a lóòrùn, ló tò ó sínú agolo bisikíìtì pẹ̀lú ewé tábà gbígbẹ. Ẹni tí kò bá fọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣí i. Bíṣọ́ọ̀bù wá síhìn-ín, ó fọwọ́. Ìwọ wá ní ogójì ọjọ́ ikú Folúkẹ́, o sunkún ju èmi tí mo ni òkú lọ, o ní o fẹ́ ka ìtàn ìlú, mo na agolo sí ọ. Mi ò bi ọ́ bóyá o fọwọ́. Ojú mi ò ríran nígbà náà.

Mo mọ ohun tí o wá lọ sínú rẹ̀. Oyè tí o fẹ́ jẹ, ọmọ onílẹ̀ nìkan ló ń jẹ ẹ́. O ṣí ìwé, o rí ohun tí tíṣà ìjọ ayé àtijọ́ kọ sí ojú-ìwé kọkànlá, pé, Stephen, alágbẹ̀dẹ, àlejò láti ìhà Ọ̀yọ́. Stephen sì ni bàbá tó bí bàbá rẹ ń jẹ́. Àyà rẹ já, o mú abẹ. Ìyẹn ò dùn mí. Bí gbogbo ẹni tó purọ́ joyè ní Èkìtì bá ṣí fìlà lónìí, orí pípá á kún títì. Ohun tó dùn mí ni pé oò yí i padà.

Oò yí i padà. Ìwé ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, ọmọ jéléósinmi mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Folúkẹ́ kọ orúkọ ọmọ wa sí. Oò mọ̀ pé a bímọ rí, àbí? Ẹ̀yin lẹ ń pè é ní àgàn lẹ́yìn, ìyá rẹ ló sì kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, létí odò. A bímọ. Ẹfọ̀n la ń gbé nígbà náà. Lọ́jọ́ kẹjọ a sọ ọ́ ní Ìbùkún, lọ́jọ́ kọkànlá ó lọ. Àwọn àgbà gbé e gba ẹ̀yìnkùlé, wọn ò sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún wa, bí àṣà ti wí nìyẹn, mi ò jà. Kò sí fọ́tò. Àlùfáà ní òun ò lè kọ ọ́ sínú ìwé nítorí kò tíì ṣèrìbọmi. Folúkẹ́ ò jiyàn. Ọdún tí ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ̀, ó fọwọ́, ó mú bíírò, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ojú-ìwé tó ṣófo. Ìbùkún, ọmọ Bánjọ àti Folúkẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá. Ìlà kan. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà láyé pé èmi Bánjọ jẹ́ bàbá ẹnì kan rí nìyẹn. Lẹ́yìn tí a sin Folúkẹ́, kí o tó wá gbé ìwé náà, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń ṣí i. Mo máa wo orúkọ ọmọ, mo máa wo ọwọ́ ìkọ̀wé ìyá rẹ̀, mo máa pa agolo dé, mo máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Níbo ló wà? Gbé ohùn sókè.

O sun ún. O fi dáná omi ìwẹ̀. Ṣé omi náà gbóná? Ṣé o wẹ̀, o mọ́? Ó dára. Omi tí wọ́n máa fi wẹ òkú rẹ, wọn ò ní rí igi dá iná sí i.

Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Má sì kúnlẹ̀, mo ti gbá ilẹ̀ yẹn láàárọ̀. Wo ìwé àjákọ yìí. Èyí ò sí nínú agolo, abẹ́ ìrọ̀rí Folúkẹ́ ló wà. Ka àkọlé rẹ̀. Àwọn Stephen inú ìwé ìrìbọmi. Ọjọ́ kejì Kérésì ni tíṣà yẹn máa ń kó àwọn èèyàn lọ sódò lọ rì bọmi, ọjọ́ Stephen Mímọ́ sì ni, gbogbo ọkùnrin ó di Stephen, gbogbo obìnrin ó di Mary, kí ó lè tètè lọ jẹ iyán. Kò kọ orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni, ó ní orúkọ kèfèrí ò yẹ ìwé Ọlọ́run. Ọdún mẹ́fà ni ìyàwó mi fi gun ọ̀kadà tọ àwọn arúgbó kiri, Ìdó-Ilé, Aramọkọ, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, títí ó fi mọ ulé tí Stephen kọ̀ọ̀kan ti wá. Ká ní o bi í léèrè nígbà tó wà láyé, á ti sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa bi àgàn léèrè ọ̀rọ̀ ìdílé?

Alágbẹ̀dẹ ojú-ìwé kọkànlá ò bímọ. Aramọkọ ló kú sí. Kì í ṣe bàbá rẹ, kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. O sun ìwé ẹni tí oò mọ̀ rí, o sì sun ọmọ mi mọ́ ọn.

Stephen tìrẹ wà lójú-ìwé kọkàndínlógún ìwé ìrìbọmi, abẹ ò kàn án. Wò ó. Oò lè kà á? Èmi á kà á fún ọ. Stephen, ọmọ ìlú yìí. Ó wa iṣu lóko àlùfáà lóru, a dá a dúró lẹ́nu Oúnjẹ Olúwa fún ọdún méjì. Ọmọ ìlú yìí, Ọlátúnjí. Ọmọ onílẹ̀ ni yín látilẹ̀wá. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí o ní pé oyè tọ́ sí ọ ni ìlà tó pe bàbá bàbá rẹ ní olè iṣu.

Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Folúkẹ́ ti lọ, òní ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn ojú-ìwé tìrẹ náà ṣófo. Bíírò rè é. O máa kọ ọ́: Ìbùkún, ọmọ Bánjọ àti Folúkẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá. O máa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwọ, ọmọ ọmọ Stephen olè iṣu, lo sun èyí tí ìyá rẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí àwọn àgbà bá bèèrè ẹ̀rí, èmi ni n ó gbé e jáde. N ó ka iwájú rẹ̀ kí gbogbo ìlú gbọ́. N ó wá yí i padà.

O ní bí o bá kọ ọ́, ṣé mi ò ní kà á mọ́? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Dúró. Fi bíírò sílẹ̀ ná. Omi wà nínú abọ́ yẹn. Fọwọ́ rẹ.