Kì í Ṣe Ọwọ́ Kúnlé Ló Gbọ̀n

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi, torí èmi gan-an ti dìde jókòó lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. Nǹkan kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù mẹ́rin. Láàárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi máa wọ mọ́tò kúrò ní Minna nítorí nǹkan tí mo ṣe, òun ò sì mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyẹn.

Kí ẹ tó bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ó lè dín ìbínú yín kù, torí èèyàn kì í bínú sí òmùgọ̀ pẹ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo jáde ilé ìwé girama. Mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mejì. Máàkì ẹlẹ́ẹ̀kejì kéré sí ti àkọ́kọ́, bíi pé ńṣe ni mò ń kàwé sẹ́yìn. Látìgbà náà ni gbogbo Maitumbi, àdúgbò wa, ti ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá mi, Ààfáà láti Ìlọrin, ní ilé kéwú níwájú ilé wa. Èmi ń bá ọ̀gá kan ṣọ́ ilé gému. Iṣẹ́ mi ni kí n tan ẹ̀rọ, kí n pa ẹ̀rọ, kí n sì máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ tó bá ń jẹ gúgúrú lórí kíbọ́ọ̀dù. Èmi náà máa ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ tán.

Kúnlé lọ̀rẹ́ mi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ilé wọn kọjú sí tiwa. Ó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sọ́kàn. Àwọn nǹkan tí Kúnlé máa ń gbé sórí fóònù kéré débi pé tí èmi bá kàn mí sí wọn, wọ́n ti fò lọ. Tí iṣẹ́ bá ti le, ọ̀gá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wọn mọ́ fóònù fún un. Ọwọ́ kan náà ló fi ń lu gbogbo wa nínú gému bọ́ọ̀lù.

Ẹnì kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Àǹtí Bọ́lá, tó gba yàrá kan nílé wa. Ó ń kàwé gboyè kejì ní yunifásítì tó wà ní Gidan Kwano. Ohun tó ń wá ni ibi tí omi máa gbà nígboro tí òjò ńlá bá rọ̀, títì wo, ilé ta ni. Ó ti pín ilẹ̀ àdúgbò wa sí ojú kéékèèké bí iyanrìn. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣírò omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tún un ṣírò, kó tún un ṣírò. Láptọ́ọ̀pù rẹ̀ gbìyànjú fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó gbóná bí agbada àkàrà, kò sì dé ìdajì.

Ọjọ́ kan ló wá sọ fún mi pé káàdì tó ń yàwòrán gému nínú ẹ̀rọ ńlá ọ̀gá mi lè bá òun ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, káàdì gému kẹ̀? Ṣé kó gbá omi yẹn wọ àwọ̀n ni?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, jókòó," ó ní. Ó nawọ́ síta fèrèsé, síbi tí àwọn ọmọ kéwú bàbá mi ti ń pariwo. "Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn mọ̀, bàbá ẹ nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ líle tó ò lè gbé wá bá a, àmọ́ ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀kan. Káàdì yẹn, àwọn ọmọ yìí ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè parí ìjà ogún. Ṣùgbọ́n oníkálukú mú wàláà tiẹ̀ dání, gbogbo wọn ń kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Tó o bá fẹ́ kí ìwé ńlá parí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ta lo máa pín in fún?"

"Àwọn ọmọ."

"Káàdì yẹn ò mọ̀ bóyá bọ́ọ̀lù ni àbí omi. Ìṣirò ni gbogbo ẹ̀ lójú tiẹ̀."

Wallahi, orí mi wú. Ariwo tí kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, àṣé ọgbọ́n inú káàdì ni.

Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Àǹtí ti kọ ètò ìṣirò náà sílẹ̀, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta wo fídíò nípa bí wọ́n ṣe ń gbé e sórí káàdì. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dán díẹ̀ wò, nǹkan tí láptọ́ọ̀pù fi odindi ọjọ́ kan ṣe, mi ò tíì jẹ búrẹ́dì mi tán tó fi parí. Mo fò sókè, mo fi orúnkún gbá tábìlì, búrẹ́dì bọ́ sílẹ̀, mo he é, mo jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì láyọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó dà bíi pé mo ti wọ yunifásítì náà láti ẹ̀yìn.

A wá múra iṣẹ́ ńlá gan-an. Ó máa gbà á ní bíi wákàtí méje. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kan náà tí àṣekágbá ìdíje gému wa máa wáyé láago mẹ́rin, Kúnlé ti Maitumbi pẹ̀lú Dánládì, oníkẹ̀kẹ́ kan láti àdúgbò Soje. Mo tan ìṣirò náà láago mẹ́jọ àárọ̀. Ní ìṣirò tèmi, ó máa parí láago mẹ́ta. Ẹ sì ti mọ máàkì tí mo máa ń gbà nínú ìṣirò.

Láago mẹ́wàá, iná lọ. Àǹtí ti kìlọ̀ fún mi pé kí n jẹ́ kí ètò náà máa fi iṣẹ́ pamọ́ lójú ọ̀nà, kó lè bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo yọ ọ́ kúrò, torí mo rí i pé ó ń fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí mo tan jẹnẹrétọ̀, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, ó ṣì ku bíi wákàtí kan. Tí mo bá dá a dúró, gbogbo ẹ̀ lọ nìyẹn, Àǹtí sì gbọ́dọ̀ fi èsì rẹ̀ han olùkọ́ rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Ẹ̀rọ méjì la máa ń so pọ̀ fún àṣekágbá, oníkálukú pẹ̀lú ojú ẹ̀rọ tiẹ̀. Ọ̀kan ni ẹ̀rọ ńlá yẹn, èkejì sì ti dàgbà. A ju owó ẹyọ sókè láti mọ ẹni tó máa yan. Kúnlé ló jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ ńlá ló yàn.

"Haba," ni Dánládì wí, "ẹ ti fún ọ̀gá ní mọ́tò tuntun, ẹ wá fún èmi ní kẹ̀kẹ́. Kò burú, kẹ̀kẹ́ niṣẹ́ mi."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ara mi pé káàdì yẹn lágbára, á gbé méjèèjì.

Kò gbé e. Lójú ẹni tó ń wòran, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan. Ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ẹ̀yìn ògiri. Ọwọ́ ẹni tó ń ta á nìkan ló lè mọ̀. Kúnlé á tẹ bọ́tìnnì, bọ́ọ̀lù á ti kọjá kí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀. Dánládì gbá wọlé, ọ̀kan. Gbá wọlé, méjì. Ó yíjú sí mi.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí ń wúwo."

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ṣẹ̀ gan-an nìyí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé mò ń wo wáyà. Mo dìde. Mo sọ fún un níwájú gbogbo èèyàn pé, "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọwọ́ ẹ ni."

Wọ́n lù ú ní márùn-ún sí òdo. Kò sì lè rí ẹ̀rọ dá lẹ́bi, torí ẹ̀rọ tó dára jù ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Bí wọ́n ṣe ń tú ká, ọmọ kan kígbe pé "mai rawar hannu", ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Kúnlé ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, ó ń wo ìka rẹ̀, nígbà tí ìṣirò parí. Máàpù náà jáde ní àwọ̀ búlúù, omi ń ṣàn láti ẹ̀yìn Maitumbi bí ẹni pé ó wà láàyè. Mi ò ní purọ́ fún yín. Inú mi dùn. Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀ bí adìẹ tí òjò pa, èmi ń fò sókè nínú ara mi.

Mo rò pé á gbàgbé ẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Kò gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá ń ronú nípa bó ṣe ń rìn, á kọsẹ̀. Ọwọ́ náà wá ń gbọ̀n lóòótọ́. Ó jó fóònù oníbàárà kan mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún jó òmíràn. Ọ̀gá rẹ̀ gba irin náà, ó ní kó máa ta ìbòrí fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ń fi òróró pa ọwọ́ yẹn láràárọ̀, ó ń gbàdúrà lé e. Ní báyìí wọ́n ti pinnu pé kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó lọ máa sin adìẹ. Kò sí nǹkan tó burú nínú adìẹ. Ṣùgbọ́n Kúnlé ò fẹ́ràn adìẹ. Fóònù ló fẹ́ràn.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ ni òjò ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àǹtí ti gboyè rẹ̀, ó ti tẹ máàpù náà jáde lórí bébà, ó fún mi ní ọ̀kan. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sáré jáde, mo bo máàpù náà pẹ̀lú ọ̀rá. Kúnlé tẹ̀ lé mi. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọganáísà, níbi tí máàpù ní omi máa yà sápá òsì. Omi dé, pupa rúsúrúsú. Ó ṣe bíi pé ó fẹ́ lọ tààrà. Ó yà sápá òsì.

Mo ń jó nínú ẹrẹ̀. Mo ṣubú, dájúdájú. Kúnlé rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin. Ó fà mí dìde, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, o ní ọpọlọ o. Èmi, ọwọ́ lásán ni mo ní, òun náà ti lọ."

Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi níwájú àwọn ọmọ kéwú, ó ní, "Ọmọ yín ló bá mi ṣe é." Bàbá mi, tó ń kọ́ wọn lójoojúmọ́ pé amáná ni nǹkan tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ ẹni, rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò bi mí léèrè ẹ̀rọ ta ni.

Èyí ni mo rò. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ Àǹtí láti tún ìṣirò náà tàn lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Kúnlé á jókòó sídìí ẹ̀rọ kan náà. Á kọ́kọ́ ta gému nígbà tí ìṣirò ń lọ lábẹ́lẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lè mọ bó ṣe ń wúwo. Èmi á wá dá a dúró lójú rẹ̀, á sì tún ta. Ọwọ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Mo mọ̀ pé èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń dán nǹkan wò nìyẹn.

Ibi tí mo ti há ni pé ṣé kí n pe òun nìkan, àbí kí n pe Dánládì àti gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà? Tó bá jẹ́ òun nìkan, orúkọ yẹn ò ní kúrò lára rẹ̀. Tí mo bá pe gbogbo wọn, ọ̀gá mi á lé mi, bàbá mi á gbọ́. Mo sì ń bẹ̀rù pé ó lè ti pẹ́ jù, kí ọwọ́ náà má dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i kí Jímọ̀ tó dé.

Kúnlé, tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń ka èyí, lórí fóònù tó o fọwọ́ ara ẹ tún ṣe, jọ̀ọ́, má tíì di ẹrù. Ẹ̀rọ yẹn wúwo lóòótọ́. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ.