Lẹ́tà Tí Ọmọ Rẹ̀ Ń Ṣí

Nínú mọ́tò Àpòmù, ìyá kan tó ń ta dòdò Ìkirè jókòó ti ọmọbìnrin tó ń bá a fi ímeèlì ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà.

"Lẹ́tà tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn yìí gùn jù, mà," ọmọbìnrin náà ní. "Ẹ jẹ́ ká yọ ọ̀rọ̀ òjò tó wó ilé ìdáná yín kúrò, ká sọ ti dòdò nìkan."

"Má yọ ọ́. Ọmọ mi tó wà lókè òkun wà lára àwọn tó ń gbà á. Kì í gbé ìpè mi mọ́."

"Ṣé ó máa ń fèsì?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ìwọ náà lo fi hàn mí lórí fóònù, níbi tó ti ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí lẹ́tà, pé ó ń ṣí i." Ó tún un sọ jẹ́jẹ́: "Ó ń ṣí i."

"Kí ni ká wá kọ, mà?"

"Kọ ọ́ pé mi ò bínú mọ́."