Lẹ́tà Tí Mi Ò Kà fún Ìjọ Òkè-Aráròmí

Ẹ̀yin ará nínú ìjọ Òkè-Aráròmí, èmi Adétọ́lá Fọláránmi, tí gbogbo yín ń pè ní Yèyé Tíṣà, ni mo kọ ìwé yìí, Ṣèyífúnmi, ọmọ ìjọ wa tó dúró níwájú yín yìí, ló sì ń kà á. Mo ti sọ fún un pé kó má fo ọ̀rọ̀ kankan, ì báà dé ibi tí ojú á ti tì í. Ẹ má wò ó bí ẹni pé òun ló ń sọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo yá. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́tàlá, mo sì fẹ́ kó jáde kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ bò ó mọ́ mi nínú. Lóṣù tó kọjá, dókítà kan n'Íléṣà gbé ẹ̀rọ lé mi láyà, ó ní, "Màmá, ọkàn yín ti wú, ó ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Dókítà, tún un wò. Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa ò ní gbà ọ́ gbọ́." Kò mọ ohun tí mo ń rín. Ẹ̀yin máa mọ̀ ọ́n láìpẹ́.

Ẹ̀yin àgbà rántí, ẹ̀yin ọmọdé ẹ gbọ́. Àlùfáà Ọlágòkè ló dá ìjọ yìí sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, nígbà tí a ò ju ìdílé mọ́kànlá lọ, gbogbo wa olóko kòkó àti obì. Ìjọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́rin tí àìsàn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Ó gba ohùn rẹ̀ lọ pátápátá, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ fún un. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé e lọ sí Dàda Estate l'Óṣogbo, ibẹ̀ ló ti ń kọ lẹ́tà sí wa. Ó sọ nínú èyí àkọ́kọ́ pé Pọ́ọ̀lù náà ṣe bẹ́ẹ̀. Pé nígbà tí wọ́n tì í mọ́lé, tí kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ kéékèèké tó gbìn, lẹ́tà ló fi ń bá wọn wí, lẹ́tà náà ló sì fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. "Ẹ̀wọ̀n tèmi ni bẹ́ẹ̀dì yìí," ó kọ ọ́, "wọ́dà mi sì ni ọmọ mi tó ń fún mi ní ògì láìfi ṣúgà sí i." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Ó wá fún wa ní ìlànà: Sọ́ńdè kejì nínú oṣù ni ká máa ka lẹ́tà òun, gbogbo wa lórí ìdúró, láti orí ìkíni títí dé orúkọ òun nísàlẹ̀, kí ẹni tó ń kà á má fi tirẹ̀ kún un, kó má sì yọ tòun kúrò. Lẹ́yìn náà a ó kó o sínú agolo bisikíìtì lábẹ́ pẹpẹ. Èmi ni ẹ yàn láti máa ṣí àpòòwé, kí n máa kà á, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Ẹ bá mi rántí ara mi nígbà yẹn. Màá wé gèlè tó ga tó ilé ẹyẹlé, màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ pé ikọ́ ń ṣe mí, kí n tó wá ya àpòòwé bí ẹni tó ń bó ẹ̀wù ọmọ ọba. Ẹ̀ ń sọ pé ohùn mi dùn. Mo gbà pé ó dùn. Ìdí mi fúnra rẹ̀ máa ń jó nígbà tí mo bá ń padà sí àyè mi.

Ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, Làbákẹ́ ló ń darí orin wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kò ní bàbá, kò ní ìyá, ìyá àgbà tó tọ́ ọ náà sì ti kú. Ó lóyún. Ikùn ń ga, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ń sọ láàrin ara yín pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa góòlù ní Itagunmodi ló fún un. Ta ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí yín lẹ́nu? Èmi ni. Mo sì mọ baba ọmọ náà. Kọ́ládé ọmọ mi ni. Kọ́ládé, jókòó. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀ lórí àga àwọn díákónì, mo sì ti sọ fún ọ lánàá pé màá sọ ọ́. Ibi tí mo ti ń sá kòkó ló ti wá bá mi. Ó ní, "Màmá, ẹ gbà mí. Bí àwọn àna mi n'Íléṣà bá gbọ́, wọ́n á gba ọmọ wọn padà." Mo ní, "Ìwọ ni?" Ó ní, "Èmi ni. Ṣùgbọ́n kò ní sọ, mo ti bẹ̀ ẹ́." Ìgbéyàwó rẹ̀ ò ju oṣù mẹ́ta lọ mọ́, ọmọ ilé ńlá tí mo ti ń fi yangàn káàkiri títí dé ìdí omi. Mo ní, "Lọ múra ìyàwó rẹ. Fi èyí sílẹ̀ fún mi." Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo ń yí kòkó mi lọ.

Mo kọ ìwé sí Àlùfáà Ọlágòkè lórúkọ ìjọ. Mo ní obìnrin kan ń bá awakùsà kan gbé, pé a bá a sọ̀rọ̀ kò gbọ́, pé àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ti ń wò ó kọ́ṣe. Irọ́ mẹ́ta lórí ìlà méjì. Èmi tí mo máa ń na ọmọ ilé ìwé nítorí àmì ìdánudúró kan. Ọkùnrin náà gbà mí gbọ́, kí ló fẹ́ ṣe? Ó dá èsì padà bí Pọ́ọ̀lù ṣe dá a padà fún àwọn ará Kọ́ríńtì nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan ń ba ara rẹ̀ jẹ́ láàrin wọn. Ó ní ká yọ ọ́ kúrò, ká má bá a jẹun, títí yóò fi yí padà. Mo ka ìyẹn, mo kà á dáadáa. Mo dúró díẹ̀ kí n tó pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń wá oríkèé ẹran kó tó gé e. Làbákẹ́ bọ́ aṣọ akọrin rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e lé orí bẹ́ǹṣì, ó jáde. Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e. Àwọn tí wọ́n jọ ń pọn omi ń dúró kó kọ́kọ́ pọn tirẹ̀ tán. Ẹni tó bá ní ata lórí igbá á ní òun ti tà á. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sọ́ńdè, ó máa ń wá jókòó níta lábẹ́ igi obì, nítòsí fèrèsé, láti gbọ́ orin àti lẹ́tà. Bàbá Akínladé ní, "Ẹ jẹ́ ká lé e." Àwọn kan ní kó jókòó, pé àlùfáà ò sọ pé kó má gbọ́. Èmi kàn ń gbé ohùn sókè sí i.

Nígbà tí oyún pé oṣù méje, Làbákẹ́ wọ ọkọ̀ lọ bá àlùfáà ní Dàda Estate, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọmọ àlùfáà ló sọ fún mi lẹ́yìn náà bó ṣe rí. Ó ní bàbá òun ò lè sọ̀rọ̀, omi kàn ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ó ní kí wọ́n gbé síléètì wá, ó kọ ọ́ sí i pé, "Máa lọ sílé. Lẹ́tà ń bọ̀." Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: Làbákẹ́ mọ̀ pé lẹ́tà ń bọ̀. Lẹ́tà náà dé lóòótọ́, awakọ̀ tó ń kó kòkó ló fi lé mi lọ́wọ́. Mo ṣí i nínú ilé mi. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, torí ó wà nínú àpòòwé kejì lọ́wọ́ Ṣèyífúnmi, ẹ máa tó gbọ́ ọ, mi ò sì fẹ́ fi ẹnu mi bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó rán wa létí pé Pọ́ọ̀lù kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì sí àwọn ará Kọ́ríńtì, pé ìyà ẹni náà tó, kí wọ́n fà á mọ́ra, kí ìbànújẹ́ má baà gbé e mì. Ó tún ní baba ọmọ wà láàrin wa, òun ò ní dárúkọ rẹ̀, kó dìde fúnra rẹ̀.

Sọ́ńdè náà pé. Mo wé gèlè. Mo rí Làbákẹ́ láti orí pẹpẹ. Kò jókòó lọ́jọ́ yẹn, ó dìde dúró bíi tiyín, ó gbé ọwọ́ kan lé ojú fèrèsé, ọwọ́ kejì wà lórí ikùn. Ó ti wẹ̀, ó ti di irun rẹ̀. Mo ka ìkíni. Mo ka ibi tó ti dúpẹ́ iṣu. Mo dé ibi orúkọ Làbákẹ́, ojú mi sì rékọjá, mo bọ́ sí ìdágbére, mo ní, "Èmi ni tiyín, Ọlágòkè." Ojú ewé kan gbáko ni mo fò. Ṣé ẹ rò pé èyí tó burú jù nìyẹn? Bàbá Akínladé béèrè láti ìjókòó rẹ̀ pé, "Yèyé, ṣé wọn ò wí nǹkan kan nípa ọmọ tó wà níta yẹn?" Mo ṣe bí ẹni tó tún ń wo ìwé. Mo ní, "Wọ́n wí. Wọ́n ní kó ṣì wà níta." Ọwọ́ Làbákẹ́ kúrò lójú fèrèsé. Kò sunkún, ǹ bá ti gbọ́. Ìgbà tí a fi parí orin, kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ igi obì mọ́. Ó lọ pẹ̀lú èrò pé ọkùnrin tó sunkún lójú òun ló tún yí padà lẹ́yìn òun. Ọ̀sẹ̀ kejì, a ṣe ìgbéyàwó Kọ́ládé. Mo jó títí bàtà mi fi já.

Èyí tó burú jù wà níwájú. Àlùfáà fi ìwé kékeré ránṣẹ́, ìlà kan péré: "Ṣé ẹ ti gbà á wọlé?" Mo mú gègé, mo fi ọwọ́ tíṣà mi tó dára kọ ọ́ pé, "A ti gbà á. Ó wà láàrin wa, ó ń kọrin." Níbi ìsìnkú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ti dì mọ́ mi, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọjọ́ tí òun ka ìwé mi sí bàbá òun létí, ó rẹ́rìn-ín láìsí ohùn, ó ní kí wọ́n bu ṣúgà sí ògì òun, ó sì mu ún tán. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn rẹ̀ ló kú. Irọ́ mi ni oúnjẹ tó dùn mọ́ ọn kẹ́yìn. Lẹ́tà tí mi ò kà tán yẹn ò wọ agolo bisikíìtì láéláé. Mo gbé e lọ síbi iná lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi ò gbà, mo rán an mọ́ inú ìrọ̀rí. Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi sùn lé e lórí, tí mo sì ń sọ fún yín pé ọrùn ń dùn mí.

Nígbà tí dókítà sọ tirẹ̀ tán, mo já ìrọ̀rí, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Mo ti gbọ́ pé Làbákẹ́ ń ránṣọ ní Òkè-Fìà. Ọmọbìnrin kan ló gbé àga fún mi, ó ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ rọra," ó sì bu omi wá. Mo wo etí rẹ̀. Etí ọkọ mi tó ti kú ni, ó yọ síta bí etí ìkòkò. Munawwarah lorúkọ rẹ̀. Ìyá kan tó ń jẹ́ Fàtímọ̀, tó gba Làbákẹ́ sílé nígbà tí ìrọbí mú un ní gáréèjì, tó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ló sọ ọmọ náà lórúkọ. Làbákẹ́ gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Yèyé, ẹ ti darúgbó." Mo kúnlẹ̀, eékún mi ń ké, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo na lẹ́tà sí i. Kò gbà á. Ó ka ohun tó wà lẹ́yìn àpòòwé, ó ní, "Sí ìjọ tó wà ní Òkè-Aráròmí. Èmi kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ lọ fún àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ohùn yín ni wọ́n á fi gbọ́ ọ." Mo ní, "Ṣé wàá dárí jì mí?" Ó ní, "Mi ò tíì gbọ́ lẹ́tà náà." Ìyá Fàtímọ̀ tó ń ṣa bọ́tìnnì nígun ilé ní, "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè. Lọ́dọ̀ tiwa, bí lèmọ́mù bá fo ẹsẹ kan lórí ìrun, ẹni tó wà lẹ́yìn á sọ ọ́ sí i létí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tún un ṣe. Ṣé gbogbo ìjọ yín ò rí ẹnì kan tó lè ní, Ìyá, ẹ gbé ìwé yẹn wá ká wò ó?" Munawwarah ló fà mí dìde. Kò mọ ẹni tó ń fà. Mi ò sọ fún un. Ìyá rẹ̀ ló ni ìyẹn láti sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbéèrè ìyá yẹn ni mo gbé wá fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró níwájú yín tó ní báyìí ni lẹ́tà wí, ẹ lọ wo lẹ́tà. Bó bá wé gèlè, tí ohùn rẹ̀ dùn, kí ẹ tètè lọ wò ó. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ata du ọmọ aláboyún, ìwé mi ló tì yín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni igbá wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí, bí ẹ bá lè rí i ṣe. Mi ò lè ka ìjẹ́wọ́ yìí fún Àlùfáà Ọlágòkè mọ́.

Bí ẹ ṣe ń gbọ́ èyí, mo wà níta, lábẹ́ igi obì. Mo ti lọ dán ilẹ̀ ibẹ̀ wò lánàá. Gbòǹgbò kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìdí sinmi, bí tèmi ṣe pọ̀ tó yìí. Mi ò mọ bí aláboyún ṣe jókòó síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá pè mí wọlé. Ṣèyífúnmi, gbé fóònù sórí pẹpẹ, kó máa gba ohùn sílẹ̀, torí Làbákẹ́ ní ká fi ránṣẹ́ sí òun. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ títí dé orúkọ nísàlẹ̀, òun sì fẹ́ gbọ́ ẹni tó máa ṣe àmín. Kọ́ládé, ó mọ ohùn rẹ. Gbogbo ìjọ, ẹ dìde. Ṣèyífúnmi, ṣí àpòòwé kejì. Gbóhùn sókè díẹ̀, ọmọ mi, kó lè dé ojú fèrèsé.